Irinṣẹ́ Tí Bàbá Àgbà Ní Kí N Kọ́kọ́ Rà

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé onísùúrù ni bàbá mi àgbà, ẹ bi í pé bàbá wo ló ń sọ. Sùúrù wọn kò kọjá orí tábìlì. Wọ́n lè fi odindi ọ̀sán kan bẹ sukúrù tí kò tó hóró ìrẹsì, kí wọ́n máa rọ̀ ọ́, kí wọ́n máa kán epo sí i lórí, ṣùgbọ́n bí omi àlùwàlá wọn bá fi ìṣẹ́jú méjì pẹ́, ẹ ó gbọ́ èébú ní ògidì èdè Rémọ tí àwa ọmọ ìsinsìnyí kò gbọ́ tán. A kì í béèrè ìtumọ̀. A ó ti máa sáré lọ síbi omi.

Bàbá Fótò ni gbogbo àdúgbò Òfin mọ̀ wọ́n sí. Nígbà tí ara wọn ṣì le, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ya fótò ní Ṣàgámù níbí. Nígbà tí fóònù dé tí olúkúlùkù di ayàwòrán, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, wọ́n gbé tábìlì wọn wálé, nígbà tó sì yá, wọ́n di ẹni tó ń tún lẹ́ńsì àtijọ́ ṣe. Lẹ́ńsì ni ojú kámẹ́rà, awò tó ń kó àwòrán wọlé. A rò pé eré ọjọ́ ogbó ni, àfi ìgbà tí àwọn ọmọ tó ń ya fídíò ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé wa wá, wọ́n ní àwòrán tí lẹ́ńsì àtijọ́ ń gbé jáde ní ọ̀yàyà ju ti tuntun lọ. Bàbá Àgbà ní àwọn ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá àwọn ọmọ náà.

Ó ti lé ní oṣù méjì báyìí tí wọ́n ti fi wá sílẹ̀. Mi ò fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti kọ ìyẹn sínú ìwé àdúrà ọjọ́ kẹjọ, gbogbo rẹ̀ pé pérépéré, ó kàn jẹ́ pé mi ò rí Bàbá Àgbà níbẹ̀ ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ni mo fẹ́ sọ. Ohun kan tún wà ńbẹ̀: bàbá yìí gbé àbùkù kan wọ sàréè tí kì í ṣe tiwọn. Èmi ni mo ni ín. Mo dákẹ́ lórí rẹ̀ fún ọdún méjì gbáko kó tó sú mi. Ẹ ní sùúrù fún mi, a ó débẹ̀.

Èmi fúnra mi ni mo ní mo fẹ́ kọ́ṣẹ́. Mo ń ya fídíò kéékèèké nígbà náà, mo sì rò pé bí mo bá lè máa tún lẹ́ńsì ṣe, mo ti dé nìyẹn. Bàbá Àgbà nu lẹ́ńsì tó wà lọ́wọ́ wọn tán, wọ́n dé e, wọ́n ní kí n lọ ra irinṣẹ́ tèmi, nítorí àwọn kì í yá ẹnikẹ́ni ní tiwọn, ọmọ ni o, ọmọọmọ ni o. Wọ́n wá kà á sílẹ̀: sukudiráfà kékeré méjì, ọ̀kan oníràwọ̀, ọ̀kan alẹ́nu pẹlẹbẹ, ẹ̀mú kékeré tí ẹnu rẹ̀ kò mú jù, rọ́bà tí wọ́n fi ń fún ọmọdé ní ẹ̀nímà, aṣọ funfun kan, àti kíréètì ẹyin. Mo wo ojú wọn bóyá wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Èmi náà, orí kunkun. Mo lọ ra tèmi, odindi àpótí dúdú kan tí sukudiráfà bí ọgbọ̀n tò sínú rẹ̀ lọ rẹrẹ, tí púláyà wà níbẹ̀, tí òòlù kékeré wà níbẹ̀. Mo gbé e síwájú Bàbá Àgbà bí ẹni gbé ìyàwó wálé. Wọ́n ṣí i, wọ́n wò ó lọ wò ó bọ̀, wọ́n mú òòlù náà, wọ́n gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀.

"Kúdírá, kí lo fẹ́ lọ tú, kámẹ́rà àbí tírélà?"

Wọ́n yọ sukudiráfà méjì péré nínú rẹ̀, wọ́n ní kí n kó ìyókù fún Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà gbà á tayọ̀tayọ̀. Títí di òní púláyà yẹn ni wọ́n fi ń já okùn agbọ̀n obì. Àmọ́ kí n tó kó o fún wọn, mo yọ ọ̀kan pamọ́, oníràwọ̀ kan tí ọwọ́ rẹ̀ pupa, tó gùn, tó dára lójú. Mo rò pé àgbà kò lè mọ gbogbo nǹkan tán.

Èyí tí wọ́n fún mi pàápàá, wọn ò jẹ́ kí n lò ó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní sukúrù tí àwọn ará Japan fi ń de lẹ́ńsì, ihò orí rẹ̀ kò jìn. Sukudiráfà oníràwọ̀ tí wọ́n ń tà nígboro, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó jù, kì í jókòó síbẹ̀ dáadáa, bí èèyàn bá yí i, á yọ̀, á sì jẹ orí sukúrù náà. Wọ́n gbé òkúta ìpọ́nbẹ fún mi pé kí n pọ́n ṣóńṣó rẹ̀ dànù díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi pọ́n ọn. Ní alaalẹ́ wọ́n á fi tọ́ sukúrù kan wò, wọ́n á ní ó kù díẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ó wọlé, ó dúró ṣinṣin, kò mì. Wọ́n ní, "Èyí tí kò bá jókòó báyìí, má yí i."

Ti rọ́bà ẹ̀nímà ńkọ́? Bàbá Àgbà kì í fi ẹnu fẹ́ eruku lára lẹ́ńsì láéláé. Wọ́n ní omi wà nínú èémí èèyàn, omi ni ọ̀tá awò, rọ́bà yẹn ni kí n máa fi fẹ́ ẹ, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Mo lọ sí kẹ́mísì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Obìnrin tó ń tajà bi mí pé ọmọ oṣù mélòó ni. Èmi, láìronú, mo ní bàbá mi àgbà ló rán mi. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹni mẹ́ta ti yà kí Bàbá Àgbà nílé. Ọ̀kan gbé ìbẹ́pẹ wá, ó ní kí wọ́n máa jẹ ẹ́ láàárọ̀, inú á rọ̀. Mo ti sá sí ilé ìdáná, mo ń retí Rémọ. Bàbá Àgbà gba ìbẹ́pẹ, wọ́n dúpẹ́, wọ́n gé e, wọ́n pè mí kí n wá jẹ níbẹ̀. "Adùn rẹ̀ pọ̀," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

Kíréètì ẹyin sì rèé, mo ti wá rí i pé ọba irinṣẹ́ ni. Sukúrù tó bá kọ́kọ́ jáde, ihò àkọ́kọ́ ni yóò wọ̀. Èyí tó bá tẹ̀lé e, ihò kejì. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fẹ́ dì í padà, a ó bẹ̀rẹ̀ láti ihò ìkẹyìn. Kí n tó yọ ohunkóhun, wọ́n ní kí n fi fóònù ya bó ṣe wà. Ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, ṣebí ẹ̀yin àti fóònù ò rẹ́?" Wọ́n ní àwọn ò bá fóònù jà rí, àwọn tó ń fi ya oúnjẹ kí wọ́n tó jẹ ẹ́ ni àwọn ń bá jà.

Ìjà gidi nílé wa, ti Ìyá Àgbà ni. Ìyá Àgbà ń ta obì, gbànja, láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọge. Ẹni tó bá mọ obì mọ̀ pé kò fẹ́ gbígbẹ. Ewé tútù ni wọ́n fi ń tẹ́ agbọ̀n rẹ̀, wọ́n ń wọ́n omi sí i, wọ́n ń yí i, wọ́n ń ṣa èyí tí kòkòrò bá wọ̀ kúrò. Yàrá ẹ̀yìn ni yàrá obì, yàrá yẹn nìkan ló sì ní kọ́kọ́rọ́ tó dáa. Nígbà tí Bàbá Àgbà kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ̀rù olè ń bà wọ́n, kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n fi aṣọ wé lẹ́ńsì méjìlá, wọ́n tò wọ́n sórí pákó lókè agbọ̀n obì, wọ́n ti yàrá, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sápò, àfi bí Ìyá Àgbà bá fẹ́ wọ́n omi sí obì. Òjò rọ̀ títí lọ́dún náà. Nígbà tí wọ́n máa tú aṣọ náà wò, gbogbo lẹ́ńsì ti bu bí búrẹ́dì. Nǹkan funfun ti ta gbòǹgbò sínú awò lọ́hùn-ún.

Mo ṣì kéré nígbà náà, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà, ṣùgbọ́n mo rántí ariwo ọjọ́ náà. Bàbá Àgbà ní obì ti pa àwọn. Wọ́n ní kí obì kó jáde. Ìyá Àgbà jókòó, wọ́n ń ṣa obì wọn lọ, wọn ò gbójú sókè. Nígbà tí ariwo náà rọlẹ̀, wọ́n ní, "Bàbá Ràṣídì, obì ló kọ́ ilé tí gíláàsì yín ń gbé."

Òótọ́ ni. Bàbá Àgbà mọ̀ pé òótọ́ ni. Wọ́n kó lẹ́ńsì méjèèjìlá jáde, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti fọ ohun tó bu nínú wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ tí àwọn ará Èkó wá ń wá wọn sí. Mẹ́jọ yè. Mẹ́rin kò yè, òkú mẹ́rin yẹn ni wọ́n sì wá fi kọ́ èmi náà. Òfin kan ṣoṣo tí kò ní àtúnsọ nìyí: kí n má fọwọ́ kan lẹ́ńsì oníbàárà títí àwọn fi máa sọ pé ó tó. Wọ́n ní, "Òkú ni kí o fi ṣàṣìṣe. Òkú kì í sunkún."

Láti ìgbà yẹn, inú ike oúnjẹ tí ọmọrí rẹ̀ dì pinpin ni lẹ́ńsì ń gbé. Bàbá Àgbà á máa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta bàtà, wọ́n á máa tọrọ àwọn àpò pélébé tó ń wà nínú páálí bàtà tuntun, èyí tó ń fa omi mu, wọ́n á kó o sínú ike náà. Àwọn ọlọ́jà á ní, "Bàbá, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ká má jẹ ẹ́ o." Bàbá Àgbà á ní àwọn ti jẹ oúnjẹ àárọ̀.

Kí ẹ má bàa rò pé ìjà nìkan ló wà láàárín àwọn méjèèjì, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Ọdún kan, àìsàn dá Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo wọ yàrá ẹ̀yìn lọ́jọ́ kan, mo bá Bàbá Àgbà lórí ìjókòó kékeré, agbọ̀n obì wà láàárín ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ń fi ẹ̀mú lẹ́ńsì yọ kòkòrò obì. Ẹ̀mú tí wọn kì í jẹ́ kí ọmọ wọn fọwọ́ kàn! Wọ́n ń ṣe é fara balẹ̀ bí ẹni ń tún awò ṣe, wọ́n sì ń fi ewé tútù bò ó padà. Nígbà tí wọ́n rí mi, ojú tì wọ́n. Wọ́n ní, "Má sọ fún un pé mo fi ẹ̀mú ṣe é."

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ibi tí mo ń sá fún.

Tíṣà kan wà ní Ìkẹ́nnẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, èèyàn jẹ́jẹ́. Wọ́n gbé lẹ́ńsì kan wá fún Bàbá Àgbà, lẹ́ńsì kámẹ́rà bàbá wọn tó ti kú. Ìyá Tíṣà wà ní Ìpara, wọ́n ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, ara wọn kò sì yá mọ́. Kámẹ́rà yẹn ni bàbá Tíṣà fi ya ìyá wọn nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọn níyàwó, Tíṣà sì fẹ́ fi kámẹ́rà kan náà yà wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó pẹ́ jù. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa lọ sí Ìpara. Bàbá Àgbà ti fọ lẹ́ńsì náà dé ibi tó kù díẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n gbé e sórí aṣọ funfun, wọ́n lọ kírun.

Mo wò ó. Òrùka kan péré ló kù láti tú, sukúrù mẹ́ta ló dè é. Oṣù márùn-ún ni mo ti ń tú òkú. Mo ní kí Bàbá Àgbà dé kí wọ́n bá a pé mo ti ṣe é tán, kí wọ́n lè mọ̀ pé mo tó. Mo lọ mú sukudiráfà ọlọ́wọ́ pupa mi níbi tí mo fi pamọ́ sí.

Kò jókòó. Mo mọ̀ pé kò jókòó. Mo yí i.

Sukúrù àkọ́kọ́, orí rẹ̀ jẹ. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i, mo fi agbára yí i, sukudiráfà náà yọ̀, ó sì fa ilà gba ojú awò láti etí dé àárín. Mo kàn jókòó tí mò ń wò ó bí ìyàwó tuntun tó fọ́ àwo ìyá ọkọ. Omijé ti ń bọ́ lójú mi nígbà tí Bàbá Àgbà wọlé, wọn ò tíì bọ́ bàtà tán tí Tíṣà náà fi kí "ẹ kú ilé" lẹ́yìn wọn. Ọkùnrin kan tún tẹ̀lé wọn, oníbàárà láti Ìpẹ̀rú tó wá wo lẹ́ńsì tirẹ̀.

Bàbá Àgbà wo tábìlì. Wọ́n wo ọwọ́ mi. Mo ń retí Rémọ. Ká ní ó dé, ì bá dùn mọ́ mi. Wọ́n yíjú sí Tíṣà, wọ́n dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, bàbá tó dàgbà ju Tíṣà lọ dáadáa, wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ló yẹ̀. Mo ti ba lẹ́ńsì bàbá yín jẹ́."

Bàbá Àgbà ṣí ike wọn, wọ́n mú lẹ́ńsì tiwọn jáde, èyí tí wọ́n fi ya gbogbo ọmọ àti ọmọọmọ wọn, tí àwọn ará Èkó ti bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n tà á tí wọn ò dáhùn. Wọ́n gbé e sẹ́nu kámẹ́rà tí Tíṣà gbé dání, ó wọlé wẹ́rẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ lọ fi èyí ya ìyá wa. Ẹ má kánjú dá a padà."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo kúnlẹ̀. Bàbá Àgbà gba sukudiráfà pupa náà lọ́wọ́ mi, wọ́n lọ jù ú sí kòtò ìdọ̀tí, wọ́n padà wá jókòó. Mo ní màá lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ lọ sọ òótọ́. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́ níṣojú wọn, mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́ lẹ́yìn wọn. "Gbé òkú kan wá," ni wọ́n wí, "ká tún bẹ̀rẹ̀."

Ọkùnrin ará Ìpẹ̀rú yẹn kò pa ẹnu mọ́. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti ń sọ ọ́ láti Ìpẹ̀rú dé Ìrólú pé ọwọ́ Bàbá Fótò ti ń gbọ̀n, kí wọ́n má gbé nǹkan iyebíye fún wọn mọ́. Àwọn kan wá kó lẹ́ńsì wọn padà láìtíì tún un ṣe. Bàbá Àgbà á fi aṣọ wé e fún wọn dáadáa, wọ́n á sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Èmi á wọ yàrá obì, màá sunkún. Ìgbà kan wọ́n bá mi níbẹ̀, wọ́n ní, "Iṣẹ́ tó kù tó wa í ṣe."

Tíṣà dá lẹ́ńsì padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n mú fótò ìyá wọn wá, níbi tí Màmá ti ń rẹ́rìn-ín láìsí eyín kan lẹ́nu. Tíṣà àti Bàbá Àgbà dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé, mo rò pé ẹjọ́ lẹ́ńsì bàbá wọn ni Tíṣà ń rò.

Ọdún méjì kọjá. Bàbá Àgbà kò ṣàìsàn. Wọ́n kírun àsùbáà, wọ́n padà dùbúlẹ̀, wọn ò dìde mọ́. Ní ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn àdúrà, ilé kún. Tíṣà wá láti Ìkẹ́nnẹ́, wọ́n dá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbé omi fún wọn, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Tíṣà, èmi ni mo ba lẹ́ńsì yín jẹ́. Kì í ṣe Bàbá Àgbà."

Tíṣà mu omi díẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ lo mú sukudiráfà lọ́wọ́, ìwọ lò ń sunkún, bàbá yín sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti mọ́sálásí bọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo fi kọ́ ọmọ níwèé. Ṣé o rò pé mi ò lójú ni?"

Mo gbójú sókè wò wọ́n.

"Ọjọ́ tí mo dá lẹ́ńsì wọn padà," Tíṣà ní, "mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi gbà á sórí ara wọn. Wọ́n ní, 'Tíṣà, orúkọ tèmi ti gbó, ó lè gba ẹ̀gbin díẹ̀. Ti ọmọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni.' Wọ́n bẹ̀ mí kí n má sọ fún ọ títí tí wọ́n á fi kú."

Mo sunkún lórí ẹsẹ̀ Tíṣà bí ọmọ ọwọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ Bàbá Àgbà tí mo mọ̀, etí ara mi ni mo fi gbọ́ ọ. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti wá gbọ́ ọ. Tíṣà jẹ́ kí n sun ún tó. Nígbà tí mo nu ojú mi, mo bojú wo inú pálọ̀, mo rí ọkùnrin ará Ìpẹ̀rú náà tó jókòó láàárín àwọn èèyàn, ó ń jẹ ẹran sàráà.

Mo dìde, mo wọlé, mo dúró sáàárín wọn. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀ fún mi. Ìyá Àgbà gbójú sókè láti orí ẹní wọn. Mo ní, "Èmi Kúdírá ni mo ba lẹ́ńsì Tíṣà jẹ́. Ọwọ́ Bàbá Àgbà ò gbọ̀n títí wọ́n fi kú."